Ilé Wa Ti Di Gíréèdì Kìíní

Ilé Olóògbé Ajíbádé,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà,
Aládé-Ìdànrè.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Èrèlé, 1981.

Olúlékè ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Catherine ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ yín tí mi ò tíì fojú kàn láti Kérésì èṣí. Ara mi le, àfi orúnkún tó máa ń sọ̀rọ̀ nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ dìde, mo sì gbà á ládùúrà pé bí lẹ́tà yìí bá ti ń wọ ọwọ́ rẹ, àlàáfíà ni yóò bá nínú ilé, kò ní bá àìsàn, kò ní bá ẹkún, kò sì ní bá ọ̀gá tó ń bínú. Ọlọ́run tó di àpáta Ìdànrè mú láti ọjọ́ ìwáṣẹ̀ tí kò jẹ́ kó yí lù wá, òun náà ni kó di ẹ̀yin náà mú ní Èkó, níbi tí ẹ ti ń sùn lórí àjà ẹlòmíì bí ẹyẹ. Àmín.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. Àrìnkẹ́ àbúrò rẹ bí ọmọbìnrin ní Ofosu lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, òun àti ọmọ wà lálàáfíà, ọkọ rẹ̀ ló rẹ̀. Moríyọ̀ aládùúgbò wa, tí ògiri rẹ̀ kan tiwa, ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́ mi, a máa ń jà lórí ewúrẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, a sì máa ń parí ìjà kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé nítorí ìjọ kan náà là ń lọ.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà lọ́wọ́ awakọ̀ níparí oṣù tó kọjá, mo rí ogójì náírà tó wà nínú rẹ̀, mo sì rí fọ́ọ̀mù. O ní láti ọjọ́ òjò tí mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé ni ọkàn rẹ kò ti balẹ̀ mọ́, pé ìyá rẹ kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ máa dá gbé, pé kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ yín ní Èkó, kí á ta ilé yìí, nítorí náà kí n tún un ṣe kí ọ̀gbẹ́ni kan láti Àkúrẹ́ tó wá wò ó lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù yìí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ilé, tìrẹ ni. Nígbà tí ẹbí pín ogún bàbá rẹ, Àrìnkẹ́ mú oko kòkó, ìwọ mú ilé, èmi kàn ń gbé inú rẹ̀ ni, nítorí náà mi ò janpata. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. O ní ogójì náírà kò tó nǹkan, pé kí n fi ọgbọ́n ná an. Ìyẹn náà kò burú, bí a gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

O kọ ọ́ pé kí n kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tí kò wúlò jáde kí ilé lè fẹ̀ lójú ẹni tó bá wọlé. Èyí kò le lójú mi rárá. Ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣa kòkó ní sítọ́ọ̀ àwọn tó ń rà á fún ìjọba, o mọ̀ pé bí wọ́n bá da kòkó síwájú mi, ọwọ́ mi á ti mú èyí tó bu, èyí tó pẹlẹbẹ àti èyí tó fọ́ kí ojú mi tó rí i. Mo bá kó gbogbo ẹrù ilé jáde, mo tò wọ́n sórí sìmẹ́ńtì tí a fi ń sá kòkó níwájú ilé, mo gbé àpótí jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹrù. Mo ṣà á títí dìrọ̀lẹ́, ohun kan ṣoṣo tí mo rí tí kò wúlò ni ìdérí ìkòkò kan tí kò ní ìkòkò. Àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn, òun ni mo fi ń ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Agbada tó jò, inú rẹ̀ ni adìẹ mi ń yé sí, bí mo bá sọ ọ́ nù, kí ni mo fẹ́ sọ fún adìẹ? Rédíò bàbá rẹ tó yadi láti ìgbà ogun Bìáfírà, orí rẹ̀ ni mo ń gbé Bíbélì lé, kò sí ibòmíì tó ga tó ojú mi bẹ́ẹ̀. Ìdérí yẹn ni mo bá gbé fún Moríyọ̀, ó ní òun ní ìkòkò kan tó wà láìdé. Nítorí náà mo ti kó ohun tí kò wúlò jáde bí o ṣe wí.

Ṣùgbọ́n bí mo ti rí ẹrù lóòrùn, mo rí i pé oòrùn náà ń ṣe wọ́n lóore, òórùn àtijọ́ ti ń kúrò lára wọn. Mo ní kí wọ́n kúkú wà níta fún ọjọ́ mẹ́ta, kí n máa yí wọn lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ bí a ṣe ń yí kòkó. Mo yí bẹ́ẹ̀dì, mo yí kọ́bọ́ọ̀dù, mo yí àga. Èmi ò mọ̀ pé àwọn tó ń kọjá lójú títì ń wò mí. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àwọn ìyá ìjọ wọlé dé tòun ti aṣọ funfun wọn, wọ́n ń mi orí, wọ́n ní kí n mọ́kàn le, wọ́n ní ta ló wá lé mi jáde nílé ọkọ mi. Mo ní kò sí ẹni tó lé mi, pé ọmọ mi ló fẹ́ ta ilé, èmi ni mò ń bá a tún un ṣe. Ni wọ́n bá fi igbe ta. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbé iṣu mọ́kànlá wá, wọ́n gbé ẹní méjì, gààrí àbọ̀ garawa, fìtílà kan àti ìkòkò mẹ́rin, ọ̀kan nínú àwọn ìkòkò náà kò sì ní ìdérí. Olúlékè, ìdérí kan ni mo kó jáde nílé, ohun tó wọlé padà kún yàrá kan.

O tún ní kí n yọ gbogbo àwòrán ẹbí kúrò lára ògiri, kí ẹni tó fẹ́ rà á lè wo ilé náà kó sì rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Èyí kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu, nítorí mo rò pé ilé ni ọkùnrin náà fẹ́ rà, kì í ṣe ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ kàwé mọ ohun tí ẹ ń sọ. Mo yọ àwòrán bàbá rẹ tó wọ kóòtù, mo yọ tìrẹ tí o fi ń sunkún lọ́jọ́ ìsàmì, mo yọ ti ìgbéyàwó ìwọ àti Catherine, mo sì fi aṣọ wé wọn sínú àpótí. Lẹ́yìn náà mo lọ bá Bọ́lánlé tó ń dirun lẹ́bàá ọjà, mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi yá mi ní dígí rẹ̀ ńlá tó ga tó ènìyàn, mo gbé e kọ́ sí àárín gbùngbùn ògiri yàrá àlejò, kí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé má baà wí pé òun ò rí ara òun. Ó ṣiṣẹ́ gan-an. Èmi alára, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kọjá níwájú rẹ̀ láàárọ̀, mo ti kúnlẹ̀ kí ìyá mi kí n tó rántí pé ó ti kú.

Ó wá ku ọ̀dà. O ní kí n wá àwọ̀ tí kò ní ni ojú ẹnikẹ́ni lára. Dominic tó kun ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì fún wọn lọ́dún tó kọjá ṣì ní ọ̀dà funfun díẹ̀ tó kù sí ìsàlẹ̀ agolo, ó fi owó táṣẹ́rẹ́ tà á fún mi, ó sì bá mi fi omi là á. Síbẹ̀ iwájú ilé nìkan ló tó. Mo ní kò burú, iwájú ni ènìyàn ń gbà wọlé, ìrínisí ni ìsọnilójọ̀. Ẹ̀yìn wà bó ṣe wà.

Ìwọ náà ló kọ ọ́ níparí lẹ́tà rẹ pé kí ilé náà wà ní ipò kìíní kí oníbàárà tó dé. Ibí yìí ni mo ti fẹsẹ̀ dúró ronú. Mi ò lè fi ẹnu ara mi sọ pé ilé tí mò ń gbé wà ní ipò kìíní, àbí ta ló ń ta nǹkan ní Ìdànrè tó tún ń fúnra rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò? Ìwọ náà mọ̀ pé àgbẹ̀ kan kì í sọ fún ìjọba pé kòkó òun dára, ìjọba ló máa ń gún àpò rẹ̀ wò, tí wọ́n á wá sọ fún un. Mo bá wọ mọ́tò lọ bá Bàbá Ògúnníyì ní Òdòdé, àwọn tí wọ́n fi ọgbọ̀n ọdún yẹ kòkó wò kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, tí àwọn àgbẹ̀ máa ń rí lójú àlá. Mo ní ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá bá mi yẹ ilé wò. Wọ́n ní àwọn ò yẹ ilé wò rí. Mo ní kòkó náà, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ṣé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò rí ni? Wọ́n rò ó títí, wọ́n ní òótọ́ ni mo sọ.

Wọ́n dé lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n wọ kákí wọn àtijọ́ tí wọ́n lọ̀ gbandi, wọ́n mú irin ṣóńṣó tí wọ́n fi ń gún àpò, wọ́n mú ọ̀bẹ kékeré àti ìwé. Wọn ò wo iwájú ilé tí mo kùn rárá. Wọ́n ní ní gbogbo ọdún tí àwọn fi ṣiṣẹ́, olè ló máa ń kó kòkó dáadáa sí ẹnu àpò, àárín àpò ni àwọn ti máa ń wá òtítọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbà wọlé. Wọ́n gún ògiri ilé ìdáná, wọ́n yọ irin náà, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀bẹ ha ara ilẹ̀kùn. Wọ́n wọ inú yàrá ìkẹ́rù, wọ́n pẹ́ níbẹ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ iléèwé tó ń dúró de èsì ìdánwò. Wọ́n jáde, wọ́n ní òrùlé ìkẹ́rù ń jò, ògiri ibẹ̀ sì ti bu, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n fà á ya, wọ́n fún mi. Gíréèdì Kejì.

Olúlékè, mi ò lè jẹun. Odindi ọdún méjìlélógún, wọn ò dá àpò kan tí mo fọwọ́ ṣà padà rí. Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe ti ìkẹ́rù, ti ọ̀dà yẹn ni. Èmi tí mo máa ń bú àwọn tó ń fi kòkó dáadáa bo ẹnu àpò, èmi náà ni mo kun iwájú ilé tí mo fi ẹ̀yìn sílẹ̀! Ojú tì mí débi pé mi ò gba ojú títì lọ sí àdúrà ọjọ́ náà, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo gbà.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ki ọwọ́ bọ iṣẹ́. Moríyọ̀ fún mi ní páànù méjì tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n tún ilé rẹ̀ kàn, ó sì ní kí n má dúpẹ́, pé nítorí ohun tí ewúrẹ́ òun ti jẹ lọ́gbà mi ni. Dominic dí ojú ibi tó ń jò. A ha ògiri ìkẹ́rù, a ṣí fèrèsé rẹ̀ tí wọn ò ṣí láti ìgbà tí bàbá rẹ kú, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ wọlé, ó fẹ́ gbogbo rẹ̀ gbẹ. A po ẹfun mọ́ omi, a fi kun ẹ̀yìn ilé àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àtẹ̀gùn tó gbé mi ṣubú yẹn, mo ní kí bíríkìlà pín in sí méjì kí gbígbé ẹsẹ̀ má ga mọ́, kó sì ri igi tó dán sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ọwọ́ á máa dì mú. Mo ń gòkè, mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ nísinsìnyí bí ọmọge.

Bàbá Ògúnníyì padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Wọ́n gún ibi gbogbo tí wọ́n ti gún tẹ́lẹ̀, wọ́n tún gún ibi tí wọn ò gún. Wọ́n gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ Dominic, wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ Gíréèdì Kìíní sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára àpò, wọ́n sì so òjé kékeré tí wọ́n fi ń ṣèdídì àpò kòkó mọ́ agádágodo. Wọ́n ní ilé àkọ́kọ́ tó gbà á nìyí ní gbogbo Ìdànrè. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo jókòó sójú sìmẹ́ńtì, mo ń wo ilé náà títí ọbẹ̀ mi fi jóná. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbé inú rẹ̀, mi ò mọ̀ pé ó lẹ́wà tó báyìí.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù títa ilé ló kù. Akọ̀wé ìjọ wa ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ó ń kà á, mò ń dáhùn, ó ń kọ ọ́. Wọ́n béèrè ibi tí omi ń gbà wọ ilé, mo ní orí mi ló ń gbà wọlé. Wọ́n béèrè iye ènìyàn tó ń gbé inú ilé, mo ní ọ̀kan ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn mi kò jẹ́ kí n gbádùn, nítorí bàbá rẹ wà lábẹ́ sìmẹ́ńtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, mo bá ní kó kọ méjì, kó sì fi í kún un pé ọ̀kan kì í jáde. Wọ́n wá béèrè ìdí tí a fi fẹ́ ta ilé. Akọ̀wé gbé bírò sókè, ó ń wò mí. Mo ní kó kọ ọ́ pé ọkàn ọmọ mi kò balẹ̀. Ó ní ìyẹn kì í ṣe irú ìdí tí wọ́n ń kọ sínú fọ́ọ̀mù. Mo wá a títí, mi ò rí òmíràn, mo ní kó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Sátidé tó kọjá ni oníbàárà dé. O ní kí ilé máa ta sánsán lọ́jọ́ náà, mo bá jó tùràrí láti òwúrọ̀, mo jó o ní yàrá kọ̀ọ̀kan kó má baà sí èyí tó máa jowú. Èéfín gba ojú fèrèsé jáde, Moríyọ̀ àti àwọn ará àdúgbò gbé omi wá, díẹ̀ ló kù kí wọ́n pa iná tí kò jó. Inú èéfín yẹn ni ọkọ̀ Bíítù kan ti dúró, tí ọ̀gbẹ́ni náà sọ̀ kalẹ̀, Augustine Fọláyan ni orúkọ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́, Kátólíìkì ni òun àti Agatha ìyàwó rẹ̀ tó bá a wá. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó ní ṣé ilé ni àbí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wọ yàrá àlejò, ó dúró níwájú dígí, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rí ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí, ohun tó rí sì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Mo mọ̀ pé o ní kí n má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mi ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ohun tó kan ilé náà nìkan ni mo sọ. Mo sọ fún un pé fèrèsé kejì máa ń wárìrì nígbà ọyẹ́, pé bí òjò ńlá bá rọ̀, omi orí àpáta máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná kọjá, pé alángbá méje ló ń gbé inú àjà tí mo sì mọ gbogbo wọn, pé bàbá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ṣùgbọ́n kò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Mo fi ibi tó ti bu tẹ́lẹ̀ hàn án. Bí mo ti ń sọ ọ́ ni ilé náà ń wù ú sí i, ó ní láti ìgbà tí òun ti ń wá ilé, òun ò tíì bá ẹni tó ń ta ilé pàdé tó sọ òtítọ́. Ó wo Gíréèdì Kìíní lẹ́nu ọ̀nà, mo ṣàlàyé, ó yọ ìwé kékeré, ó kọ ọ́ sí i. Ló bá dá ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà lé e. Moríyọ̀ tó ń gbọ́ lójú fèrèsé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Inú mi dùn fún ọ. Mo bi ọ̀gbẹ́ni náà pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa kó wọlé. Ó ní àwọn ò ní kó wọlé, ní Àkúrẹ́ ni àwọn ń gbé, ní Kérésì àti Àjíǹde ni àwọn á máa wá sinmi. Mo ní àwọn oṣù yòókù ńkọ́. Ó ní àwọn á tì í pa. Mo ní ta ló máa ṣí fèrèsé lẹ́yìn òjò? Ó ní kò sí ẹnikẹ́ni. Olúlékè, òtútù mú mi. Kí oṣù méjì tó pé, ìkẹ́rù á bu, yàrá á bu, òórùn tó ti lọ á padà, bí Bàbá Ògúnníyì bá fi irin gún un, wọn ò ní fi Gíréèdì kankan sí i. Ta ni ó ń ti kòkó tó gbẹ mọ́ inú òkùnkùn?

Mo bá sọ fún ọ̀gbẹ́ni náà pé kó má bínú, pé ẹnìkan ti wà nídìí ilé náà kó tó dé, opó kan ládùúgbò, ẹni ọdún mẹ́jọ lé lọ́gọ́ta, olórí kunkun. Ó ní ṣé owó obìnrin náà ju ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lọ ni. Mo ní kò tíì lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n yóò máa ṣí fèrèsé. Kò yé ọ̀gbẹ́ni náà rárá. Agatha ìyàwó rẹ̀ ni ó wo dígí, tó wò mí, tó bú sẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀ fún mi, ó ní kí n bá òun kí opó náà, kí n ní kó máa rọra gun àtẹ̀gùn.

Èmi ni opó náà, ọmọ mi. Mi ò fẹ́ lọ. Mo fẹ́ràn yín débi tí ọ̀rọ̀ ò lè dé, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo lò lọ́dọ̀ yín ní Kérésì, orí àga ni mo jókòó sí láti àárọ̀ tí ẹ bá ti jáde títí di alẹ́ tí ẹ máa dé, Catherine kò jẹ́ kí n fọ abọ́ kan nítorí ọ̀wọ̀, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n mo di ẹrù tí ẹnìkan ò yí. Níhìn-ín, bí mi ò bá ṣílẹ̀kùn kí oòrùn tó yọ, Moríyọ̀ á ti máa lu ògiri. Àwọn ìyá ìjọ rò pé wọ́n lé mi jáde lásán, iṣu mọ́kànlá ni wọ́n gbé wá. Irú mi kọ́ ni à ń pè ní ẹni tó dá gbé. Mi ò sọ ọ́ fún ọ ní Kérésì nítorí mo rí i lójú rẹ pé ẹ̀rù ń bà ọ́, mi ò sì fẹ́ kí ọmọ mi máa bẹ̀rù.

Mo mọ̀ pé ilé kì í ṣe ọ̀fẹ́, o sì ti ná owó sí i. Nítorí náà mo ná an bí oníbàárà, mo sì le gan-an. Mo ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ pọ̀ jù fún opó. Mo yọ ti fèrèsé tó ń wárìrì, mo yọ ti alángbá méje, mo yọ èyí tó pọ̀ nítorí ayálégbé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí a ò lè lé, ó wá ku ẹgbẹ̀rún kan àti igba náírà, mi ò lè fi kọ́bọ̀ kan lé e mọ́. Mi ò sì ní in. Ìdí pàtàkì tí mo fi kọ lẹ́tà yìí nìyí: jọ̀wọ́, tètè fi ẹgbẹ̀rún kan àti igba náírà ránṣẹ́ sí mi, kí n lè rí i san fún ọ. Bí o bá rò pé awakọ̀ lè sọ ọ́ nù lọ́nà, yọ ọ́ nínú àpò ọ̀tún kí o fi í sí àpò òsì, èmi á gbà pé mo ti san án pé. Náírà mẹ́ta tó kù nínú ogójì wà nínú ìwé yìí, àsansílẹ̀ ni, kí o sì kọ rìsíìtì rẹ̀, kí o kọ orúkọ mi ní kíkún, nítorí mi ò ní sanwó láìgba ìwé. Bí o bá tún rí náírà márùn-ún lọ́tọ̀, fi kún un, epo ti tán, Bọ́lánlé sì ń béèrè owó dígí.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ohun tí o fún mi, kó fún ọ ní ọmọ tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ àti èyí tó máa gbọ́ ohun tí o kò sọ. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ọ̀nà rẹ kò ní dí, ilé ayé kò ní le mọ́ ọ. Ẹ rí i pé ẹ wá sílé fún Àjíǹde, ìwọ, Catherine àti àwọn ọmọ. Ilé náà kì í ṣe tìrẹ mọ́, ṣùgbọ́n mo mọ obìnrin tó rà á, yóò ṣílẹ̀kùn fún yín.

Èmi ni ìyá tó bí ọ, àti oníbàárà rẹ,
Olúbísí Ajíbádé.